Gbọ̀ngàn Tí Ó Mọ Àgbà

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò sun gbọ̀ngàn náà, Tinúadé Ọ̀ṣúnlànà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ògiri rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́, ògiri náà sì dá a lóhùn. Ooru díẹ̀ jáde láti inú amọ̀, ó gba àárín ìka rẹ̀ kọjá, ó sì padà síbi tí ó ti wá. Kì í ṣe pé ògiri ní ọkàn. Kò sí olùtọ́-ilé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá amọ̀ ààyè gbé láti ọ̀yẹ́ ọdún kan dé ọ̀yẹ́ ọdún kejì, tí ó sùn nínú rẹ̀, tí ó jẹun nínú rẹ̀, tí ó sì sunkún nínú rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò ó, yóò mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú amọ̀ náà tí ó ń ṣàkíyèsí ènìyàn.

"Ṣé o jí ire?" ni ó bi ògiri náà, ó sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Lóde, lórí gbogbo òkè tí ó yí Yunifásítì Òkè-Ẹyẹlé ká, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń nu dígí oòrùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn dígí náà fẹ̀ tó pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì gbójú sókè, wọ́n ń kó iná oòrùn pamọ́ láti òwúrọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, wọn yóò yí gbogbo wọn papọ̀ sórí gbọ̀ngàn yìí, iná ọjọ́ kan gbáko yóò sì wọ inú amọ̀ náà títí yóò fi le bí àpáta. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sísun. Ilé tí a kò tíì sun a máa kọ́ ẹ̀kọ́. Ilé tí a ti sun kì í kọ́ nǹkan kan mọ́. Ohun tí ó bá mọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní ni yóò máa mọ̀ títí ọmọ ọmọ àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀ yóò fi darúgbó.

Tinúadé kò tíì rí ilé tí ó dà bí èyí rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ya àwòrán rẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé ìwé wọlé, ògiri a rọra sún mọ́ ọn, a sì ká kọ̀rọ̀ kan yí i ká tí ariwo àwọn ẹlòmíràn kò ní wọ̀. Bí àwọn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún bá kó ara wọn jọ tí wọ́n ń jiyàn lórí ohun kan, ilẹ̀ a wú sókè láàárín wọn, a sì di tábìlì. Bí olùwádìí bá gbé irúgbìn wọlé, òrùlé tí ó wà lókè orí rẹ̀ gan-an a di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, títí ìmọ́lẹ̀ tí ó tó irúgbìn náà yóò fi bọ́ sílẹ̀, tí kò dín, tí kò sì lé. Nígbà tí Tinúadé fúnra rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí òkun kò tíì gbà tán nígbà náà, orí bẹ́ǹṣì onígi tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, tí gbogbo wọn dojú kọ ẹnì kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ro ilé kan tí yóò máa kọjú sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìbéèrè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ okùn gun òkè wá. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wá wò.

Àtẹ̀gùn gíga kan wà ní ẹnu ọ̀nà náà, amọ̀ kan náà pẹ̀lú ògiri. Bí ọ̀dọ́ bá ń bọ̀, àtẹ̀gùn náà kì í mira. Bí àgbàlagbà bá ń bọ̀, a máa rẹlẹ̀. A kọ́kọ́ tẹ̀ ní apá kan, a tún tẹ̀ ní apá kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọbìnrin tí ó fi eékún kan kanlẹ̀ kí ó tó fi èkejì tẹ̀ lé e, títí yóò fi tẹ́jú pẹrẹsẹ tí àgbà náà kò ní nílò láti gbé ẹsẹ̀ sókè kí ó tó wọlé. Kò sí ẹni tí ó yà á bẹ́ẹ̀. Ilé náà ni ó kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti mú àwọn ìyá àgbà wá láti ìlú jíjìn kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i. Ọ̀kan nínú wọn wọlé, ó jáde, ó tún wọlé, ó ń wúre fún àtẹ̀gùn náà pé yóò rí ọkọ rere fẹ́, títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi fà á lọ́wọ́ lọ nítorí pé ọkọ̀ okùn ti fẹ́ gbéra.

Tinúadé mọ ibi tí ilé náà ti rí i. Òfin Ìtọ́ Ilé sọ pé ẹni tí ó bá ya ilé amọ̀ ààyè gbọ́dọ̀ bá a gbé kí a tó sun ún, nítorí pé amọ̀ náà kì í gba àṣẹ, kì í sì í ka àwòrán kọjá ibi tí òpó àti ògiri yóò gbà. Ìwà ni ó ń kọ́. Ó ń kọ́ ọ láti inú bí ẹsẹ̀ ti ń tẹ ilẹ̀ àti bí ọkàn ti ń lù nínú àyà ẹni tí ó ń bá a gbé. Láràárọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínrìnádé sì ń wá wo iṣẹ́ náà, arúgbó tí ó ti kọ́ Tinúadé ní ẹ̀kọ́ ohun ọ̀gbìn lórí bẹ́ǹṣì ayé àtijọ́ kí ó tó yà sídìí iṣẹ́ ilé, tí ó sì bá ìgbìmọ̀ Yunifásítì fà á títí wọ́n fi yọ̀ǹda amọ̀ fún un. Láràárọ̀ ni Tinúadé ń kúnlẹ̀ kí i lórí àtẹ̀gùn náà. Nítorí náà, bí àwọn àlejò bá wí pé ilé yìí ní ẹ̀kọ́ ilé, ara rẹ̀ a wú bí ìgbà tí wọ́n bá yin ìyá fún ìwà ọmọ rẹ̀.

Ẹni tí ìjọba rán wá láti fi èdìdì di iṣẹ́ náà ni Ọ̀gbẹ́ni Mákanjúọlá, alábòójútó ilé, ọkùnrin gíga kan tí irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, àtẹ̀gùn náà rẹlẹ̀ dé ìdajì, ó sì dúró. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn.

"Kí ni ìtumọ̀ èyí?"

"Ó ṣì ń rò ó ni, sà," ni Tinúadé wí.

"Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti ní ọmọ ọmọ."

Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá ìdajì tí ó kù, kò sì hàn lójú rẹ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn pé òun kò tíì gbó tàbí ó bàjẹ́ pé wọn kò bọ̀wọ̀ fún òun tó. Ó ń rìn káàkiri, ó ń wo òkè. Nígbà tí tábìlì kan hù níwájú rẹ̀ nítorí pé ó dúró láti to àwọn ìwé rẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó ní òun ti fi èdìdì di ọ̀pọ̀ ilé, òun kò sì tíì wọ èyí tí ó ṣe òun bíi pé ilé náà ti ń retí òun.

Kò pẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínrìnádé fi dé pẹ̀lú àwọn olùwádìí rẹ̀ díẹ̀. Àtẹ̀gùn náà wólẹ̀ fún un tán pátápátá. Tinúadé kúnlẹ̀, arúgbó náà fi ọwọ́ kàn án lórí, ó sì lọ tààrà sí àga àgbà. Láàárín gbọ̀ngàn gan-an ni àga náà wà, lórí pèpéle amọ̀ tí ó ga dé àyà ènìyàn, òun nìkan sì ni ohun tí kì í kúrò lójú kan nínú ilé náà. Ìdánwò ìkẹyìn ni wọ́n wá ṣe. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí yóò dìde, yóò sọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn án, ògiri yóò sì gbà á sílẹ̀. Òfin sì ni ní Òkè-Ẹyẹlé pé ọ̀rọ̀ ìwádìí tí ògiri gbọ̀ngàn kò bá gbà sílẹ̀, a kò tíì sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà inú wọn lọ dáadáa. Ohùn wọn yí gbọ̀ngàn ká bí ẹni pé ilé náà ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Lẹ́yìn náà ni ó kan Wúràọlá.

Wúràọlá ni ó kéré jù nínú wọn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ó ti ń bá Bàbá, bí gbogbo wọn ti ń pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínrìnádé, ṣiṣẹ́ lórí ìrẹsì amuyọ̀, ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀dá láti máa fa iyọ̀ jáde nínú oko tí òkun ti gba orí rẹ̀ kọjá, kí ilẹ̀ náà lè tún gba iṣu àti àgbàdo lọ́jọ́ iwájú. Ó dìde, ó tẹríba, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Tinúadé, tí ó dúró lẹ́yìn pátápátá, kò gbọ́ nǹkan kan. Kò yà á lẹ́nu. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ọmọ náà kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ó ti dìde bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí nígbà tí ó kọjá, àti nígbà tí ó ṣáájú rẹ̀, tí ó kàn ń mi ètè.

Bàbá fi sùúrù dúró. Nígbà tí ó rí i pé ọmọ náà ti dákẹ́, ó wí pé, "Ọmọ mi, bí kò bá sí ọ̀rọ̀, jókòó. Kò sí ẹni tí yóò fi ẹ̀sùn kàn ọ́."

Ó wá yíjú sí alábòójútó, ó ń ṣàlàyé fún un pé ọmọ náà ní ọwọ́ rere ṣùgbọ́n kò ní ẹnu, àti pé òun ti pinnu láti fi í sídìí ìtọ́jú irúgbìn nínú abà, níbi tí kò ti ní pọn dandan fún un láti dojú kọ ènìyàn. Àánú ọmọ náà ṣe Tinúadé. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, etí rẹ̀ sì kan amọ̀.

Ohùn kan ń bẹ nínú ògiri náà.

Ó jìn, ó sì ń gbọ̀n, bí ohùn ẹni tí ń pariwo lábẹ́ aṣọ ìbora tí ó wúwo. Tinúadé fi etí mọ́ ọn dáadáa. *Bàbá, ìrẹsì náà ń dá iyọ̀ padà. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ó ń dá a padà.* Ohùn Wúràọlá ni. Ó wo ọmọ náà lókèèrè. Wúràọlá ti jókòó, ó ti pa ẹnu rẹ̀ dé, ó ń wo ilẹ̀; ohùn rẹ̀ sì ṣì ń lọ nínú amọ̀, ó ń yí gbọ̀ngàn ká láti inú lọ́hùn-ún, kò rí ọ̀nà jáde.

Nígbà tí wọ́n sinmi láti mu omi, Tinúadé fa ọmọ náà jáde lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí òkúta wà tí kò sí amọ̀. Ó bi í bóyá ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ bí ó bá rí àgbà.

Wúràọlá wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn. "Àwọn ọmọ ilé wa ní kí n má ṣe kọrin nínú ilé mọ́ nítorí pé mo máa ń jí ọmọ tuntun, Àǹtí. Mo ń pariwo níbẹ̀ yẹn ni. Ọ̀fun mi ti fẹ́ já. Èmi náà kì í gbọ́ ara mi."

"O kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ó ń ṣe àwọn náà. Bí Bàbá kò bá sí níbẹ̀, ohùn wa ń jáde. Bí wọ́n bá ti wọlé, ó parí. A rò pé bí ẹ ṣe yà á nìyẹn. A rò pé ẹ̀yin náà fẹ́ kí a dákẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Tinúadé ju bí ó ti yẹ kí ó hàn lọ. Ó bèèrè ọ̀rọ̀ ìrẹsì, ọmọ náà sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un lẹ́sẹẹsẹ. Lóòótọ́ ni ìrẹsì náà ń mu iyọ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí a bá gbìn ín, àti nígbà kejì. Ṣùgbọ́n nígbà kẹta lórí ilẹ̀ kan náà, gbòǹgbò rẹ̀ ń rà, ó sì ń tú gbogbo èyí tí ó ti mu sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ilẹ̀ yóò fi burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn yóò sì kó irúgbìn náà fún àwọn àgbẹ̀ etí omi ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ó ní òun ti lọ bá Bàbá nílé. Kí òun tó sọ ọ́ tán, Bàbá fún òun ní oúnjẹ, wọ́n ní òun kú iṣẹ́, wọ́n sì rán òun létí òfin, pé kí òun lọ sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn kí ògiri lè gbà á.

Wọ́n gbìyànjú láti mọ̀ bóyá títa ko ẹni tí ó juni lọ ni ògiri ń gbé mì. Wọ́n dúró síbi ògiri àríwá, Tinúadé ní kí Wúràọlá ṣe bí ẹni ń ta ko òun lórí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ náà ní àwọn fèrèsé kéré jù. Tinúadé ní rárá, wọn kò kéré. Ohùn àwọn méjèèjì ń jáde ketekete, ògiri náà kò sì mira, bẹ́ẹ̀ ni kò gbóná. Ó mọ̀ pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ọkàn wọn kò lù ju bí ó ti máa ń lù lọ.

Tinúadé lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Mákanjúọlá níbi tí ó ti ń pèsè èdìdì rẹ̀. Ó bi í, bí ẹni tí ó kàn fẹ́ mọ̀, pé kí ni òfin wí nípa ilé tí a bá rí àléébù lára rẹ̀ ní ọjọ́ sísun. Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. Ó ní bí olùtọ́ bá fi àléébù hàn kí dígí tó yí, a ó da omi sí ilé náà títí yóò fi yọ́ padà sínú kòtò tí a ti wa amọ̀ rẹ̀, olùtọ́ náà kò sì ní tọ́ ilé mìíràn mọ́ láyé. Bí kò bá fi hàn, tí a sì sun ún, àléébù náà ti di ti Yunifásítì.

"Ṣé àléébù kan wà ni?" Nísinsìnyí ni ó gbójú sókè.

"Ẹ jẹ́ kí n wo nǹkan kan ná, sà."

Ó padà sínú ilé, ó jókòó sórí ilẹ̀ nínú kọ̀rọ̀ kan, ògiri sì rọra ká yí i ká gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀. Ó rò ó pé òun lè dákẹ́. Gbogbo ayé ni ó fẹ́ràn ilé yìí. Àwọn ọ̀dọ́ yóò máa dìde, wọn yóò máa mi ètè, àwọn àgbà yóò sì máa fi àánú wò wọ́n, wọn yóò máa wí pé ọmọ ìwòyí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ilé náà yóò sì lẹ́wà títí ayé. Ó tún rò ó pé òun lè sọ òtítọ́, kí wọ́n da omi sí i. Ó fi ọwọ́ kan amọ̀ náà nígbà tí ó ro èyí, amọ̀ náà sì fún un ní ooru rẹ̀ díẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe láàárọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Kí ló dé tí ilé tí a yà fún ìbéèrè fi ń gbé ìbéèrè mì? Àwòrán rẹ̀ kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú. Láti ara ènìyàn ni ó ti kọ́ ọ, òun nìkan sì ni ó ń bá a gbé.

Ó wá rántí. Nínú àwòrán tí ó kọ́kọ́ yà, kò sí àga àgbà, kò sì sí pèpéle. Gbọ̀ngàn náà kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Bàbá fi ìka lé àárín àwòrán náà, ó ní, "Níbo ni àgbà yóò jókòó?" Tinúadé mọ èsì ìbéèrè náà, pé ibikíbi láàárín àwọn yòókù ni, nítorí èsì yẹn gan-an ni ó fi di ayàwòrán-ilé. Ṣùgbọ́n ó wà lórí eékún, Bàbá sì ni ó gba amọ̀ fún un. Ó ní, "Ó dára, sà," ó sì ya àga náà. Láti ìgbà náà, láràárọ̀ tí ó bá kúnlẹ̀ kí arúgbó náà, àga yẹn ń bẹ lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ń bẹ ní ọ̀fun rẹ̀, ó sì ń gbé e mì. Ilé náà ń ṣàkíyèsí. Kò mọ̀ pé ohun méjì ni. Ó rí i pé bí àgbà bá wọlé, eékún a kanlẹ̀, ohùn a sì padà sínú ọ̀fun. Ó sì kọ́ méjèèjì pọ̀ bí ìwà kan ṣoṣo.

Ó dìde. Ó lọ sí àárín gbọ̀ngàn, ilẹ̀ sì ń gbóná lábẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínrìnádé wà lórí àga, òun àti àwọn olùwádìí ń sọ̀rọ̀ ìpalẹ̀mọ́. Tinúadé kúnlẹ̀ níwájú pèpéle náà.

"Bàbá," ni ó wí, "àga yìí kò yẹ kí ó wà níbí."

Kò gbọ́ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun sọ ọ́, nítorí ọ̀fun rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ dákẹ́ níwájú rẹ̀ bí ẹni fi òwú dí ayé. Ó rí bí ògiri ní ọ̀tún àti ní òsì ti wú díẹ̀, bí ẹni tí ó mí sínú. Ó tún un sọ. Ó tún un sọ ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Arúgbó náà ń wò ó pẹ̀lú ojú àánú kan náà tí ó fi wo Wúràọlá, ojú àánú yẹn ni ó sì fún Tinúadé ní agbára, nítorí ó wá mọ bí ojú náà ti ń rí fún ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Kò dìde kúrò lórí eékún. Kò sì dákẹ́.

Ohun tí ó ya arúgbó náà lẹ́nu nìyẹn. Ó ti mọ ọmọ yìí láti ìgbà èwe rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí kò ní ẹnu. Ó di apá àga mú, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, àwọn olùwádìí na ọwọ́ sí i, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Nígbà tí ó dé ilẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tí kì í tẹ̀ mọ́, títí etí rẹ̀ fi kan ẹnu Tinúadé.

"Kí lo ń wí?"

"Mo ní àga yìí kò yẹ kí ó wà níbí, sà. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ní kí n yà á ni mo ti mọ̀, n kò sì wí fún yín."

Ojú arúgbó náà le.

"Ta ni ó dí ọ lẹ́nu?"

"Èmi ni, sà. Ilé yìí rí mi nígbà tí mo ń dí i, ó sì ti ń bá mi dí ti àwọn ọmọ yìí láti ìgbà náà. Wúràọlá kì í ṣe odi. Ó ń pariwo."

Arúgbó náà nà ró. Ó wo àga náà, ó wo ọ̀dọ́ àti àgbà tí ó wà níbẹ̀, ìbínú sì hàn lójú rẹ̀ gbangba. Ó ní òun fi ọdún púpọ̀ bá ìgbìmọ̀ jà nítorí ilé yìí. Ó ní wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun fẹ́ fi ẹrẹ̀ kọ́ yunifásítì. Tinúadé kò wí pé ẹ máa bínú, sà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀ nínú àṣà. Ó ń wò ó láti orí eékún rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń lù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbọ́ ọ ní ilẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínrìnádé tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Mo fẹ́ àga yẹn," ni ó wí. "N kò ní purọ́ fún ọ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ní ìlú wa ti wà lábẹ́ omi. Mo rò pé bí wọn kò bá gbé mi sáàárín, ẹnikẹ́ni kò ní rí mi mọ́."

Ó di ejìká Tinúadé mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi eékún kan kanlẹ̀, ó tún fi èkejì kàn án, títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Tún un sọ," ni ó wí. "Sọ ọ́ kí ilé náà gbọ́."

Tinúadé tún un sọ. Ohùn rẹ̀ sì jáde.

Ó jáde kedere, ó yí gbọ̀ngàn ká, ó sì padà wá bá a. Ilẹ̀ mì tìtì. Pèpéle náà bẹ̀rẹ̀ sí í rì, tòun ti àga orí rẹ̀, láìyára, bí ìgbà tí iyọ̀ ń yọ́ nínú omi, títí ojú ilẹ̀ fi tẹ́ láti ògiri dé ògiri, kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ògiri mí sóde.

Gbogbo ohùn tí wọ́n ti gbé mì láti ọ̀yẹ́ dé ọ̀yẹ́ ni wọ́n dá padà. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan, ohùn ọmọkùnrin kan tí ń bèèrè bóyá ó dá wọn lójú pé omi kànga náà mọ́. Ó di mẹ́ta, ó di ogún, ó di òjò. Ẹnì kan ní àwọn ìṣirò yẹn kò bá ara wọn mu. Ẹnì kan ní ẹ jọ̀wọ́ sà, ó yé mi, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ń jábọ́ láti òrùlé, ó ń hù láti ilẹ̀, àwọn ohùn kékeré tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, tí ẹ̀rù ń ba díẹ̀ nínú wọn, tí àwọn mìíràn sì ń bínú. Àwọn olùwádìí dúró, wọ́n gbójú sókè, bí àwọn tí wọ́n rí ìràwọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Mákanjúọlá ti wọlé. Ó tún ti ṣí fìlà. Láàárín gbogbo rẹ̀, ohùn kan ń padà lemọ́lemọ́, ó ń wí pé Bàbá, ìrẹsì náà ń dá iyọ̀ padà, Bàbá, ẹ jọ̀wọ́. Arúgbó tí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Nígbà tí òjò ohùn náà dá, alábòójútó tẹ́ àwòrán ilé náà síwájú Tinúadé, ó sì fún un ní gègé. Ó ní ilé gbọ́dọ̀ bá àwòrán rẹ̀ mu kí òun tó lè fi èdìdì dì í, nítorí náà kí ó pa ohun tí ó bá yẹ kí ó pa rẹ́ níbẹ̀. Nípa àléébù, ó ní ẹnikẹ́ni kò tíì fi ọ̀kan han òun. Ohun tí òun rí ni ilé kan tí ó ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́, òfin kò sì lòdì sí ìyẹn kí dígí tó yí. Ó sọ ọ́ láìwo ojú rẹ̀. Tinúadé pa àga náà rẹ́.

Wúràọlá wà lóde nígbà gbogbo èyí, níbi òkúta. Ohùn ara rẹ̀ tí ó gbọ́ láti inú ilé ni ó mú un sáré wá sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn gíga náà nígbà tí ó rí i pé ó ń mira. Ó tẹ̀ ní apá kan. Ó tẹ̀ ní apá kejì. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ náà wẹ̀yìn láti wo àgbà tí ń bọ̀. Kò sí ẹnì kankan.

"Máa bọ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínrìnádé wí láti ilẹ̀ tí ó jókòó sí. "Ìwọ ni ó ń kí."

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Lórí àwọn òkè, wọ́n ti ń yí àwọn dígí, iná ọjọ́ náà sì ti ń pọ́n ní etí wọn. Ọ̀gbẹ́ni Mákanjúọlá jáde, ó gbé ọwọ́ sókè sí àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n dúró ná, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ lókè, nígbà tí Wúràọlá ń rìn wọ àárín gbọ̀ngàn lọ, tí ó kúnlẹ̀ níwájú arúgbó náà, tí ó sì la ẹnu.